Baba Sálà pa wá lẹ́rìn-ín, àdàkọ sọ ọ́ di onígbèsè: kí ni ti àwa ará ẹnubodè níbẹ̀?

Ní Ìgólò, níbi tí ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni ti bá Nàìjíríà pààlà, kò sí ọjọ́ ọjà tí ẹ kò ní rí wọn. Tábìlì kékeré kan, agboòrùn kan, kọ̀ǹpútà alágbèéká tí eruku ti bò, àti ọ̀dọ́kùnrin tó ń da fíìmù sínú fóònù àwọn èèyàn. Ìyá aláta kan á na fóònù sí i: "Ọmọ mi, èyí tó ń pani lẹ́rìn-ín ni kí o fi sí i fún mi o, má fi ti ẹlẹ́jẹ̀ sí i." Ọmọkùnrin náà á ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá mi. Ti àwàdà pọ̀ níbí." Kí ẹni tó ń ra ata lọ́wọ́ ìyá náà tó dúnàá dúrà tán, fíìmù márùn-ún ti wọlé, owó ẹyọ díẹ̀ ti pààrọ̀ ọwọ́, oníkálukú sì ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

N kò bá ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì jà. Àwa tí à ń sọ Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀, ọ̀nà yìí gan-an ni fíìmù èdè wa fi ń dé ọ̀dọ̀ wa. Èdè ilé ẹ̀kọ́, Faransé ni. Ìwé ìjọba, Faransé ni. Bí a bá fẹ́ gbọ́ kí ọba sọ̀rọ̀ bí ọba, tàbí kí ìyálé bá ìyàwó sọ̀kò ọ̀rọ̀ lọ́nà tó dùn ún gbọ́, inú fíìmù tó ti òdìkejì ẹnubodè wá ni. Nítorí náà ẹ má retí pé màá ní kí wọ́n lé àwọn ọmọ yìí kúrò lọ́jà. Ohun tí mo rí ni pé ẹnì kẹta wà nínú òwò náà tí kò sí nídìí tábìlì, tí kò sì sí ẹni tó ń bi í léèrè iye tó ń ta ọjà rẹ̀. Ẹni náà ló ṣe fíìmù. Oníṣòwò ni àwa náà, a mọ bó ṣe ń rí kí ọjà ẹni kúrò nílé kí owó má wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú wọn yẹ̀ wò.

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ni orúkọ rẹ̀, Baba Sálà ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọmọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni. Kí ó tó di aláwàdà, olórin ni. Òun ló ni ẹgbẹ́ olórin háílàìfù tí wọ́n ń pè ní Federal Rhythm Dandies, ibẹ̀ sì ni King Sunny Adé ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí àwọn tó rò pé ẹ̀rín nìkan ló mọ̀. Eré rẹ̀ àti orin kò jìnnà síra wọn. Ó mọ ìgbà tó yẹ kí ọ̀rọ̀ já bọ́, ó mọ ìgbà tó yẹ kí ó dákẹ́ kí èrò ìwòran rẹ́rìn-ín tán, gẹ́gẹ́ bí onílù ṣe ń mọ ìgbà tí ẹlẹ́sẹ̀ ijó ń fẹ́ mí. Nígbà tó yí sí eré ṣíṣe, ẹgbẹ́ rẹ̀ di Aláwàdà, tẹlifíṣàn Ìbàdàn sì gbé wọn wọ ilé àwọn èèyàn. Ẹni tó rí i lẹ́ẹ̀kan kò lè gbàgbé rẹ̀: férémù awò ojú ràgàjì tí kò ní gíláàsì nínú, táì olábalábá tó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, àti aago tó yẹ kí ó wà lára ògiri tó so mọ́ ọrùn ọwọ́. Ìwà tó máa ń hù nínú eré kò sì ṣàjèjì sí ẹnì kankan lọ́jà: ahun tó rò pé òun gbọ́n, tó ń wá èrè òjijì, tí ẹni tó gbọ́n jù ú á wá rẹ́ jẹ.

Ìgbà tí irú eré bẹ́ẹ̀ kúrò lórí ìtàgé bọ́ sínú fíìmù kò tíì pẹ́ rárá. Hubert Ògúnǹdé, ọmọ Ọ̀sọ̀sà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ti ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri láti nǹkan bí ọdún 1945. Ìlù, aṣọ, ìyàwó, ọmọ, gbogbo wọn wà nínú ọkọ̀ kan náà. Orin ni wọ́n fi ń ṣí eré, orin náà ni wọ́n fi ń kásẹ̀ rẹ̀ ńlẹ̀. Ní 1976, Ọlá Balógun tó lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù nílẹ̀ Faransé ṣe Àjàní Ògún, tí Adé Fọláyan tí a mọ̀ sí Adé Love fi jẹ́ ọ̀dọ́ ọdẹ tó dojú kọ olóṣèlú oníwọra. Àwọn òṣèré orí ìtàgé ló kún inú rẹ̀, orin sì pọ̀ níbẹ̀ débi pé ẹni tí kò gbọ́ èdè náà á ṣì mọ ibi tí ìtàn ń lọ. Ní 1979, òun náà ló darí Ayé, eré tí Ògúnǹdé ti ń ṣe lórí ìtàgé tẹ́lẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ di fíìmù. Àwọn èèyàn ya lọ wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà á rántí bí orúkọ fíìmù náà ṣe kálẹ̀ nígbà náà.

Kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kà á má rò pé bí fíìmù òní ni. Kámẹ́rà ìgbà náà ọ̀já fíìmù ló ń lò, òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ ọ̀já náà, owó òkè òkun ni wọ́n sì fi ń san án. Ìwọ̀nba ẹ̀dà díẹ̀ ló ń padà wálé. Ẹni tó ni fíìmù á gbé e sínú mọ́tò pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tan án sára ògiri, á háyà gbọ̀ngàn kan nílùú, á lẹ ìwé ìkéde kiri, á sì fi ẹni tó fọkàn tán sẹ́nu ọ̀nà kí ó máa gba owó tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó di ìlú mìíràn. Kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń gbé aṣọ láti ọjà Ṣakẹ́tẹ́ lọ sí ti Pọ́bẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń pa owó náà wọlé: pé ẹni tó bá fẹ́ wo fíìmù yìí, àfi kí ó wá síbí.

Ọ̀nà yìí ni Baba Sálà tọ̀ ní 1982 tó fi gbé Ọ̀run Móoru jáde. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Túndé Kèlání tó wá di olókìkí lẹ́yìn náà pẹ̀lú Ṣaworoidẹ wà lára àwọn tó dúró nídìí kámẹ́rà. Ìtàn oníṣòwò kan ni. Gbájúẹ̀ kan tó pe ara rẹ̀ ní oníṣègùn ṣèlérí owó rẹpẹtẹ fún un, ó sì gba gbogbo ohun tó ní. Ọkùnrin náà di akúṣẹ̀ẹ́. Ìyà jẹ ẹ́ débi pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ Ikú, Ikú wá ní kí ló dé tó fi wá, àsìkò rẹ̀ kò tíì tó. Ẹ fojú inú wo Baba Sálà pẹ̀lú ojú rẹ̀ yẹn tó ń bá Ikú ṣàríyànjiyàn. Kò sí bí a ò ṣe ní rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń sọ owó di ìlọ́po rí, ẹ̀rín rẹ̀ kò ní jinlẹ̀ púpọ̀.

Owó tí wọ́n ti ń kó jọ lórí ìtàgé fún ọ̀pọ̀ ọdún wọnú fíìmù yìí, owó báńkì sì wà nínú rẹ̀. Kí ó tó yí ká àwọn ìlú tán, àwọn kan ti da á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Àsìkò tí ẹ̀rọ fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé àwọn tó rí já jẹ ni. Ẹni tó ní ẹ̀rọ kan á pe aládùúgbò, ẹlòmíràn á fi í ṣòwò nínú yàrá rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì kan á bí mẹ́wàá, mẹ́wàá á bí ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí Baba Sálà bá fi máa gbé mọ́tò rẹ̀ dé ìlú kan, wọ́n ti wò ó, wọ́n ti rẹ́rìn-ín, wọ́n ti ń sọ àwàdà rẹ̀ fún ara wọn lọ́jà. Ta ni yóò tún san owó tíkẹ́ẹ̀tì? Báńkì kò sì mọ̀ pé olè jà. Owó báńkì ń gun ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá náà fi san gbèsè fíìmù tí gbogbo ayé fẹ́ràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù nìyí. Gbájúẹ̀ tó wà nínú fíìmù ní ojú, ó ní orúkọ, a lè nawọ́ sí i pé òun nìyí. Èyí tó gba owó Baba Sálà ní ti gidi kò ní ojú. Ẹni tó kọ́kọ́ dà á kọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Ẹni tó ra kásẹ́ẹ̀tì kan, ẹni tó yá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tó pe ìdílé jọ pé kí wọ́n wá wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo wọn fi bu òkìtì yẹn jẹ. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó rò pé òun jalè. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn fẹ́ràn Baba Sálà. Òótọ́ sì ni, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀.

Kò jáwọ́ o. Ó ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní 1983, ó tún ṣe Mosebọ́látán lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ tún orúkọ ìkẹyìn yìí pè jẹ́jẹ́: mo ṣebí ọlá ti tán. Ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ló jáde láyé.

Màá ṣe òdodo: kì í ṣe àdàkọ nìkan ló pa fíìmù olọ́jàá. Lẹ́yìn 1986 náírà já wálẹ̀ gan-an, ọ̀já fíìmù tí wọ́n ń fi owó òkè òkun fọ̀ sì di ohun tí apá kò ká mọ́. Àwọn òṣèré wá yí sí kámẹ́rà fídíò tí kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àdàkọ ṣe sí irú eré tí wọ́n wá ń ṣe. Bí ẹ bá mọ̀ pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí ọjà yín bá jáde ni ayédèrú rẹ̀ á gba ìgboro, ṣé ẹ ó náwó sí i? Ẹ ó ṣe é kíákíá, ẹ ó ṣe é ní pọ́ọ́kú, ẹ ó gé e sí apá kìíní àti apá kejì kí ẹ lè rí èrè lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó bá yín. Ohun tó ń gba àkókò ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ. Orin ń gba àkókò. Kí ogún èèyàn jọ gbè orin pẹ̀lú ẹsẹ̀ ijó tó bára mu, ìfidánrawò oṣù mélòó kan ni, ìyẹn sì gba oúnjẹ, gba ibùsùn, gba owó ọkọ̀. Ariwo àti èébú kò gba ìfidánrawò. Ìdí nìyẹn, lójú tèmi, tí fíìmù àwàdà wa lónìí fi kún fún ariwo, tí orin inú rẹ̀ fi dà bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Àwọn kan ṣì ń gbìyànjú. Ṣaworoidẹ tó jáde ní 1999 fi hàn pé Yorùbá lè fi ìlù àti orin pa ìtàn odindi ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mélòó ni irú rẹ̀ tí ẹ rí nínú káàdì mẹ́mọ́rì yín?

Àwọn kan á sọ pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, pé eré àwàdà olórin ti kógbá wọlé níbi gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè kan wà ní àárín Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní Hungary. Àwọn èèyàn ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 10, àwa tí à ń sọ Yorùbá pọ̀ jù wọ́n lọ ní ìlọ́po. Ní 1916, wọ́n ṣe eré àwàdà olórin kan lórí ìtàgé tí wọ́n pè ní Mágnás Miska, Szirmai Albert ló kọ orin rẹ̀. Ìtàn náà kò ní ṣòro fún ará Ìfọ̀nyìn láti lóye. Ẹnjiníà kan fẹ́ ọmọ ìjòyè, àwọn ìjòyè náà fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ọkùnrin náà wá mú Miska, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbálẹ̀ nílé ẹṣin, ó wọ̀ ọ́ láṣọ olówó, ó ní ìjòyè ńlá ni. Ni gbogbo àwọn ìjòyè bá ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó ń kó ìgbẹ́ ẹṣin. Ní 1949, Keleti Márton sọ ọ́ di fíìmù. Títí di òní, ó wà lára fíìmù tí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn jù, ọmọ ń wo ohun tí bàbá bàbá rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín.

Ṣé orin wọn dùn ju tiwa lọ ni? Rárá. Ìjọba wọn ló gba ilé iṣẹ́ fíìmù sọ́wọ́ ara rẹ̀ ní 1948, nítorí náà kò sí ẹni tó lọ yá owó báńkì lórí ilé rẹ̀ kí Miska tó lè jó. N kò sọ pé kí a ṣe bíi tiwọn. Ìjọba tó sanwó yẹn náà ló ń pàṣẹ ohun tí fíìmù gbọ́dọ̀ sọ, àwọn tó ń ṣàkóso ní 1949 sì fẹ́ràn kí wọ́n máa fi àwọn ọlọ́lá àtijọ́ ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n wọ́n sanwó fún eré náà kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tọ́jú ọ̀já rẹ̀. Àwa rẹ́rìn-ín, a kò sanwó, a kò sì tọ́jú rẹ̀.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àwa gan-an mọ bí wọ́n ṣe ń sanwó eré àwàdà olórin. Ta ló tún mọ̀ ọ́n jù wá lọ? Ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ilẹ̀ wa. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé, fún àwọn Yorùbá-Nàgó tó wà ní Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Kí ni Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń ṣe lóru, bí kì í bá ṣe àwàdà olórin? Olórin Ẹ̀fẹ̀ á jáde nínú ọlá aṣọ, á kí àwọn ìyá, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin tú àṣírí: ẹni tó jẹ owó àjọ, ẹni tó fẹ́ ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀, olóyè tó ta ilẹ̀ kan fún èèyàn méjì. Gbogbo ọjà á rẹ́rìn-ín títí di ìdájí, ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí á sì máa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú kí wọ́n má baà mọ̀ pé òun ni.

Ṣé ẹnì kan wà nínú wa tó lè dúró níbẹ̀ kí olórin kọ ọ́ lórin oríkì, kí ó wá fọwọ́ sẹ́yìn lọ sílé? Ojú á tì í. Ìdílé rẹ̀ á gbọ́. A ó na owó fún un, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú, ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ á bọ́ fìlà tàbí gèlè lé e lọ́wọ́. A ń sanwó nítorí pé a rí ojú ẹni tó ń ṣeré, òun náà sì rí ojú wa. Fíìmù gbé ojú yẹn kúrò láàárín, ìtìjú náà sì bá a lọ. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni gbogbo ìdí ọ̀rọ̀ yìí wà. Àwa tó ń da fíìmù sínú fóònù kì í ṣe olè látinú wá. Òṣèré ni kò sí níwájú wa.

Mo ti gbọ́ àwọn tó ń sọ pé òwò kòtò-kòrò ni gbogbo òwò ẹnubodè jẹ́, pé kí ló dé tó jẹ́ fíìmù nìkan ni èèyàn ń bínú sí. Wọ́n á ní, ìwọ náà, ṣé o kò rí kpayo lẹ́bàá títì? Mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wò ó. Ẹni tó ń ta kpayo, ó ra epo náà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ìjọba lè bá a jà lórí owó ibodè, ọ̀rọ̀ ìjọba nìyẹn. Ẹni tó ni epo ti gba owó epo rẹ̀. Ẹni tó ń kó ìrẹsì kọjá lóru náà, ó san owó ìrẹsì. Ẹni tó da Ọ̀run Móoru kọ kò san kọ́bọ̀ fún ẹnì kankan. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìyà jẹ àwọn tó ń ta ìrẹsì ní Ìgólò, ìyà jẹ àwọn tó ń ta tòmátì, gbogbo wa la gbọ́ ìgbe wọn. Káàdì mẹ́mọ́rì tó kéré ju èékánná lọ kò rí ìyà kankan. Kò sí aṣọ́bodè tó lè rí i, kò sì sí owó orí ọjà tó so mọ́ ọn.

Àwíjàre kan wà tó lágbára ju ìyẹn lọ, n kò sì ní fojú fò ó. Wọ́n ní: kò sí ilé sinimá ní Ìfọ̀nyìn. Fíìmù tuntun wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí wọ́n ti ń béèrè káàdì báńkì, ìyá tó ń ta gàrí kò ní káàdì báńkì. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ní Èkó àti Ìbàdàn kò tilẹ̀ rántí pé àwọn èèyàn wọn wà ní Bẹ̀nẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé ọjà wá, ṣé kí ebi àwàdà wá pa wá kú ni? Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Mo tún fi kún un pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ Baba Sálà, ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì la fi mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ni fíìmù gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Oníṣòwò tó bá fi ọjà kan sílẹ̀ láìdé ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yà á lẹ́nu bí ẹlòmíràn bá gba àyè náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwíjàre náà fi hàn ni pé ọ̀dọ́kùnrin tó wà nídìí tábìlì ní ohun tí àwọn ará Èkó kò ní. Ó mọ oníbàárà lórúkọ. Ó mọ ẹni tó fẹ́ àwàdà àti ẹni tó fẹ́ ti babaláwo. Ó ti ní ìsọ̀. Alágbàtà ni, kò kàn ní ọ̀gá tó ń kó ọjà fún un ni. Bí wọ́n bá lé e lónìí, á padà wá lọ́la pẹ̀lú tábìlì mìíràn, nítorí àwọn oníbàárà ṣì ń wá a. Èmi ò rò pé àgọ́ ọlọ́pàá ni ojútùú rẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ ní òfin lórí ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà láti 2006, ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní BUBEDRA sì wà tó ń gba owó fún àwọn oníṣẹ́ ọnà. Nàìjíríà tún òfin tirẹ̀ ṣe, òfin 2022 tí ààrẹ ibẹ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Ìwé òfin kò wọ́n wa. Ohun tó wọ́n wa ni ẹni tí yóò jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ yìí kí ó bá wọn dá iye owó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí ará ọjà. Ká ní lórí fíìmù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dà sínú fóònù, frank 50 péré ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Owó yẹn kò tó ra ohun ìpanu kan. Bí ènìyàn 200 bá gba fíìmù kan náà ní ọjọ́ ọjà kan, frank 10,000 nìyẹn láti orí tábìlì kan. Ẹ wá ka tábìlì mélòó ló wà láti Ìgólò dé Pọ́bẹ̀ dé Kétu. Owó orí fóònù ti sọ ọ́ di ohun tó rọrùn láti fi ránṣẹ́, à ń fi san owó àjọ, à ń fi ránṣẹ́ sí ọmọ ní Kútọnú. Alágbàtà tó bá wà nínú ètò náà á gba ojúlówó fíìmù tó mọ́ kedere, kò ní jẹ́ èyí tí orí ẹnì kan ń kọjá níwájú ògiri nínú rẹ̀. Iye tí mo pè yìí, àpẹẹrẹ ni o. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ló máa pe iye tiwọn, kí wọ́n dúnàá dúrà bí a ṣe ń ṣe.

Àwọn tó ni fíìmù àtijọ́ náà ní láti jáde. Ọ̀run Móoru ti lé ní ogójì ọdún. Àwọn ajogún Baba Sálà àti ẹnikẹ́ni tí ẹ̀dà tó dára bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè tún gbé e sínú mọ́tò bí bàbá ti ṣe, kí wọ́n sì tọ apá ibí wá lọ́tẹ̀ yìí. Aṣọ funfun kan tí wọ́n ta sí pápá ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀rọ àtanná, jẹnirétọ̀, òru kan tí òṣùpá kò mọ́lẹ̀ púpọ̀. A lè fi Ẹ̀fẹ̀ ṣáájú rẹ̀, kí àwọn ọmọ wa rí i pé ẹ̀rín kan náà ni, ti orí ilẹ̀ àti ti inú fíìmù. Kí wọ́n gba owó lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n má sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ nítorí ìbò tàbí nítorí olóṣèlú kankan. Ọ̀fẹ́ ló bá wa dé ibi tí a wà yìí.

Ọ̀rọ̀ kan sì kù fún ilé ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀nyìn àti àwọn àgbà tó ń bójú tó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi fóònù ya fídíò àwọn olórin Ẹ̀fẹ̀ wa, fídíò náà sì ti ń wọ inú káàdì kan náà pẹ̀lú àwọn fíìmù. Olórin tó kọrin títí ilẹ̀ fi mọ́ kò mọ ibi tí ohùn rẹ̀ ń lọ. Kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé, ẹ pe àwọn olórin, ẹ pe àwọn tó ń ya fídíò, ẹ pe àwọn alágbàtà káàdì, kí ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀ lórí ìwé, ní Yorùbá, iye tí yóò máa kan olórin lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Àwa tí à ń rà á, ìbéèrè kan ṣoṣo la lè bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọmọ ìdí tábìlì láti ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀: "Ẹni tó ṣe eléyìí, èló ló kàn án níbẹ̀?"